Ta Ló Ń Dá Mi Lẹ́kun?

Láti ìgbà tí àwọn ará ilé mi ti mọ̀ pé n kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi mọ́, tí n kò sì padà sí mọ́ṣáláṣí tí bàbá mi ń lọ, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá Ọlọ́run wà. Wọ́n mọ̀ pé mo gbà pé ó wà. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, "Ta ló wá ń dá ẹ lẹ́kun?" Bí kò bá sí ìwé mímọ́ tó ní kí n má jalè, tí kò sí pásítọ̀ tàbí ááfáà tó lè pè mí jókòó, kí ni kò ní jẹ́ kí n máa ṣe bó ṣe wù mí? Níbi ìkómọjáde kan ní Fádéyí, ẹ̀gbọ́n mi kan bi mí ní ìbéèrè yìí pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín lẹ́nu, ó sì fẹ́ kí n dá òun lóhùn kí òun tó gbé e mì.

Ìbéèrè gidi ni, n kì í bínú sí i. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé sọ níbi ìnáwó.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe, ní Ṣómólú. Ẹni tó bá ti gba Ṣípéolú kọjá rí mọ bí àdúgbò wa ṣe rí: ariwo ẹ̀rọ lọ́tùn-ún, ariwo jẹnẹrétọ̀ lósì, òórùn íǹkì, àwọn ọmọkùnrin tó ru bébà lórí tí wọ́n ń ké "àgò o". Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, pósítà olóṣèlú, lébẹ́ẹ̀lì omi inú ike, gbogbo rẹ̀ là ń tẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn kò mọ̀ nípa wa ni pé a máa ń kàwé ju bí ojú wa ṣe jọ lọ. Oníbàárà á ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí àṣìṣe má wà níbẹ̀," a ó sì kà á láti orí dé ìdí. Bí mo ṣe pàdé àwọn Deist nìyẹn. Olùkọ́ kan láti yunifásítì tó wà ní Àkọkà gbé ìwé pélébé kan wá tó fẹ́ pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, lórí èrò àwọn ọlọ́gbọ́n Yúróòpù láyé àtijọ́. Ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn Deist kò gùn. Mo kà á tán, mo tún un kà, ẹ̀rọ dúró, ọmọ iṣẹ́ mi ń wò mí.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ kò ta kókó. Ẹlẹ́dàá kan wà, òun ló dá ayé, ó fún ènìyàn ní làákàyè, làákàyè yẹn sì tó láti fi mọ Ẹlẹ́dàá àti láti fi mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Wọn kò dúró de áńgẹ́lì tàbí wòlíì kí wọ́n tó mọ̀ pé ìkà kò dára. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lord Herbert ti Cherbury, tó jẹ́ jagunjagun àti aṣojú ọba ní Paris, tẹ ìwé kan jáde níbẹ̀ ní 1624. Ó ní ohun márùn-ún wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí: pé Ọlọ́run kan wà, pé ó yẹ ká sìn ín, pé ìwà rere ni olórí ìsìn náà, pé ó yẹ ká ronú pìwà dà bí a bá ṣẹ̀, àti pé èrè àti ìyà wà, láyé yìí àti lẹ́yìn ikú. Ọkùnrin yìí kan náà ló sọ pé kí òun tó tẹ ìwé náà jáde, òun kúnlẹ̀, òun bẹ Ọlọ́run kó fi àmì han òun, òun sì gbọ́ ìró kan láti ojú ọ̀run tó fi òun lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tó gbé làákàyè ga tó bẹ́ẹ̀ ló lọ tọrọ àmì! Ọmọ aráyé.

Ẹ̀kẹta nínú márùn-ún yẹn ló mú mi. Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní Ẹ̀bùté-Mẹ́tta kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n "ìwà lẹ̀sìn" kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ kan bá lu ọmọ mìíràn, kò ní sọ pé Bíbélì kọ̀ ọ́ tàbí pé Kùránì kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ méjèèjì wà nínú ilé. Ohun tó máa ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bó ṣe ń dunni. Kò tọ́ka sí ìwé kankan. Ara rẹ gan-an ni kó o fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ wọn fi bá mi lára mu. Nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn tó gbẹ̀yìn rẹ̀, wòlíì kan sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, ló wà nídìí rẹ̀. Àǹtí mi yẹn a máa sè ọbẹ̀ wá láti Muṣin, á wọ dánfó méjì, ọbẹ̀ nínú kúlà lórí itan. Tó bá ti lọ tán, wọ́n á dà á nù. Wọn kò sọ̀rọ̀ di ọjọ́ tí ìyá mi kú. Nígbà tí mo wá kà á pé Thomas Paine, òǹkọ̀wé kan tó jẹ́ Deist, kọ ọ́ ní 1794 pé bí Ọlọ́run bá bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹni yẹn nìkan ni ó fi ọ̀rọ̀ hàn, pé bó bá ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ó ti di àgbọ́sọ, kò sì di dandan kí ẹni yẹn gbà á, kúlà yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Wòlíì lè ti gbọ́ ohun tó gbọ́. Ìyá mi kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gba ti ẹni tó ní òun gbọ́, ó sì torí ẹ̀ já okùn ọmọ ìyá. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù ẹni tí kò ní ìwé mímọ́. Wọn kì í bẹ̀rù ẹni tó ń fi ìran ẹlòmíràn dá ẹjọ́.

Ẹni tó sún mọ́ mi jù nínú wọn ni Benjamin Franklin, nítorí òǹtẹ̀wé bíi tèmi ni. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ mànàmáná àti òmìnira Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n inú íǹkì ló ti là. Ní 1725, nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún, ó ń to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni ti William Wollaston, lórí ẹ̀sìn tí ènìyàn lè fi làákàyè mọ̀. Ó ń tò ó, ó ń kà á, kò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ló bá kọ ìwé pélébé tirẹ̀ láti fi ta kò ó, ó tẹ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé níwọ̀n bí Ọlọ́run ti lágbára gbogbo, tó sì jẹ́ rere, kò lè sí nǹkan tó burú láyé ní ti gidi, ìwà rere àti ìwà búburú sì di ọ̀kan náà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọmọdé! Nígbà tó yá, ó dáná sun èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, àfi ẹyọ kan.

Kì í ṣe ìwàásù ló yí i lọ́kàn padà. Ọ̀rẹ́ tó ti sọ di Deist yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò san án. Gómìnà kan tí èrò rẹ̀ náà kò jìnnà sí tiwọn fi ìlérí asán rán an gba orí òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun fúnra rẹ̀ ná owó tí ẹnì kan fi pamọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì já ọmọbìnrin tó ti ṣèlérí fún jù sílẹ̀. Ó wo gbogbo rẹ̀ papọ̀, ó ní òun bẹ̀rẹ̀ sí fura pé ẹ̀kọ́ òun lè jẹ́ òótọ́ o, ṣùgbọ́n kò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó wá fẹ̀yìn tì sí ni pé kì í ṣe nítorí pé wọ́n ka nǹkan léèwọ̀ ló fi ń pa wá lára; nítorí pé ó ń pa wá lára ni wọ́n fi kà á léèwọ̀. Ká ní mo lè sọ gbólóhùn yìí fún ẹ̀gbọ́n mi kó tó gbé mọ́ínmọ́ín mì ni, mi ò bá sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn dùn ún sọ. Ìgbà tí owó bá wà nílẹ̀ lèèyàn ń mọ ohun tó gbà gbọ́.

Ìparí oṣù kẹjọ ni, tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti ń béèrè mi. Ọkùnrin kan wọlé, ó mọ́ tónítóní, ó kí wa kú iṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó yọ lébẹ́ẹ̀lì kan jáde nínú ọ̀rá, èyí tó fara balẹ̀ bó kúrò lára ìgò oògùn ikọ́. Gọ́ọ̀mù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn tó ti ṣàn sí i lára ti gbẹ, ó pọ́n bí ìpẹtà, ó sì ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń tan ọmọdé mu oògùn. Mo fi awò tí a fi ń yẹ iṣẹ́ wò lé e lórí: àwọ̀ mẹ́rin, àmì wẹ́wẹ́ wọn bá ara wọn mu, iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ńlá. Ó ní òun fẹ́ irú rẹ̀ gan-an, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Mo ní kó mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni oògùn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, bébà lẹ̀ ń tà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ po oògùn." Kò sọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ rárá, gbogbo owó ló kó sórí tábìlì, ó ní tí a kò bá ṣe é, ilé kejì á ṣe é. Mo ní kó kó owó rẹ̀, kó padà wá láàárọ̀.

Ní òru yẹn, mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Pé ilé kejì á ṣe é: òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn sọ nǹkan nípa ilé kejì, kò sọ nǹkan kan nípa mi. Bí gbogbo òpópónà bá ń jalè, olè kò yé jẹ́ olè. Pé oògùn náà lè má burú: ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀, òun náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó le jù ni ti bébà. Òótọ́ ni pé bébà ni mò ń tà. Níbẹ̀ ni Wollaston, tí Franklin to ìwé rẹ̀, ti wúlò fún mi. Ohun tí Wollaston sọ ni pé ẹnu nìkan kọ́ là fi ń purọ́. Ohun tí a bá ṣe náà ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó mú ohun ìní ẹlòmíràn tó ń lò ó bíi tirẹ̀ ti sọ pé tòun ni, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Tí mo bá tẹ nọ́ńbà yẹn, ẹ̀rọ mi ti sọ fún ìyá kan ní Bàrígà pé wọ́n ti yẹ ohun tó wà nínú ìgò yìí wò. Mélòó nínú wa ló lè fi ojú lásán mọ ohun tó wà nínú oògùn? Ní 2008, oògùn tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tó ń hu eyín pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà, nítorí kẹ́míkà olóró kan, diethylene glycol, tó wọ inú rẹ̀. Àwọn ìyá tó rà á kò ní ohun mìíràn tí wọ́n lè fi mọ̀ ju ohun tí wọ́n kà lára ìgò lọ. Bébà yẹn gan-an ni wọ́n gbára lé.

Nígbà tó padà wá láàárọ̀, mo sọ fún un pé a kò ní ṣe é. Kò jà. Ó ní ó dàbọ̀, ó sì yà sí ilé kan níwájú.

Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ mi, tí gbogbo òpópónà ń pè ní Ááfáà, kò tilẹ̀ sùn lé ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ọkùnrin náà ṣe jáde ní àkọ́kọ́ ló ti sọ fún mi: "Ọ̀gá, haramu ni. Ẹ má jẹ́ kó padà wá." Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èmi lo odidi òru láti dé ibi tó ti dúró dè mí. Mo wá ń bi ara mi pé kí ni èrè ọ̀nà jíjìn tí mo ń rìn yìí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wa, tó ń ra ọjà fún ọ́fíìsì kan ní Ẹrékùṣù, fi ní kí a tẹ ìwé rìsíìtì fún òun. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù kan tí kì í ṣe tirẹ̀ ló fẹ́ ká kọ sí i lórí. Gbogbo Ṣómólú ló mọ ohun tí irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀ wà fún. Ááfáà ti ń gé bébà. Mo ní kó dúró ná. Ó yà á lẹ́nu. "Rìsíìtì lásán ni, ọ̀gá. Kò pa ẹnikẹ́ni." Níbí ni òru tí mo fi ronú ti sanwó rẹ̀ padà, nítorí ìbéèrè lébẹ́ẹ̀lì náà ni mo gbé jáde: kí ni bébà yìí fẹ́ sọ, ta ló máa kà á, tí ẹni yẹn bá sì mọ òótọ́, ṣé á sanwó? Akáùǹtáǹtì ọ́fíìsì yẹn ló máa kà á, kò sì ní sanwó. Mo sọ fún oníbàárà náà pé kó mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn wá. Títí di òní kò tíì mú un wá, kò sì gbé iṣẹ́ mìíràn wá.

Ááfáà kùn sínú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Jímọ̀ ó wá bá mi, ó ní òun bi àgbà kan ní mọ́ṣáláṣí, bàbá náà sì ní ìrẹ́jẹ ni, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó dé ibi tí mo dé, ó gba ọ̀nà tirẹ̀. N kò rò pé mo sàn jù ú lọ. Ohun tó yàtọ̀ sáàárín wa ni pé òun ní ẹni tó lè lọ bi. Èmi, èmi ni mò ń bi ara mi. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, ẹ̀gbọ́n mi onímọ́ínmọ́ín kò sì mọ̀ láti bi mí ní tibẹ̀.

Bàbá mi kú, ó fi ilé kan sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́tta, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù méjì níwájú. Ìyàwó méjì ló fẹ́. Ìyáalé bí Àǹtí wa nìkan. Àwa mẹ́rin ni ìyá mi bí. Bí a ṣe jókòó láti sọ̀rọ̀ ogún, òfin mẹ́ta ló balẹ̀ sí pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń kírun, ní Mùsùlùmí ni Bàbá, kí ọkùnrin gba ìlọ́po méjì ti obìnrin. Ọkọ Àǹtí ní ìdí-igi ni ti Yorùbá: ìdí kan ni ìyáalé, ìdí kan ni ìyá yín, ẹ pín in sí méjì. Ó tilẹ̀ mú ẹjọ́ ìdílé Dawodu jáde, ẹjọ́ Èkó tó lọ títí dé iwájú àwọn adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì dá ní 1962 pé ìdí-igi ṣì ni àṣà, pé orí-ò-jorí jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè lò bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Àwa tó kù nínú ọmọ ìyá mi ní orí-ò-jorí ló dára: ọmọ márùn-ún, ọ̀nà márùn-ún, gbogbo wa dọ́gba lójú Bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dùn tó. Èmi tí n kò gbára lé ìwé kankan, tí mo ń fi làákàyè ṣe é, làákàyè mi sọ fún mi pé orí-ò-jorí ni òdodo. Ó mú ẹ̀rí wá: ọmọ kò yan ìyá tó bí i, ènìyàn kò ju ènìyàn lọ, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwa mẹ́rin tá a pọ̀? Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fura ni pé kálukú tó wà ní pálọ̀ yẹn, òfin tó gbè é lẹ́yìn ló mú wá. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọkùnrin, òfin tó mú wá gbè ọkùnrin. Àǹtí nìkan wà nídìí tirẹ̀, òfin tí ọkọ rẹ̀ mú wá gbè é. Èmi sì nìyí, olólùfẹ́ òdodo, òdodo mi fi owó sí àpò mi. Mo ní kí n yí ibi tí mo jókòó padà wò: ká ní èmi nìkan ni ìyáalé bí, ṣé orí-ò-jorí á ṣì dùn létí mi? Rárá o. Ìdí-igi ni mi ò bá máa kọ lórin, mi ò bá sì rí ẹ̀rí tó dára bẹ́ẹ̀ fún un. Làákàyè ni lọ́yà tó mọṣẹ́ jù lọ, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló ń gbèjà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Tí mo bá jókòó sí yàrá mi tí mo ń dá ẹjọ́ ara mi, ẹnì kan náà ni mò ń gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Mo bẹ àwọn yòókù pé kí Àǹtí kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ má bá a sọ ọ́. Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ìdí-igi rárá. Ó ní nígbà tí rọpá-rọsẹ̀ mú Bàbá, ta ló ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní òru? Ta ló ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òyìngbò pa nítorí rẹ̀? Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. A kò ta ilé náà. Owó ṣọ́ọ̀bù méjèèjì di ti Àǹtí, owó yàrá tó kù di ọ̀nà márùn-ún. Kò sí èyí tó bá òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu déédéé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò sì tíì fọwọ́ sí i tọkàntọkàn títí di àsìkò tí mò ń kọ èyí.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń fi Thomas Jefferson, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, yangàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí làákàyè tọ́ sọ́nà, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kà á mọ́ àwọn Deist. Ní 1787 ó kọ lẹ́tà sí ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin pé bí a bá gbé ọ̀rọ̀ rere àti búburú síwájú àgbẹ̀ àti ọ̀jọ̀gbọ́n, àgbẹ̀ á dá a dáadáa bí ọ̀jọ̀gbọ́n, ó tilẹ̀ lè dá a jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ní ẹrú tó lé ní 600 láyé rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì tú sílẹ̀. Àwọn tó ń roko fún un náà àgbẹ̀ ni. Kò gbé ẹjọ́ yẹn síwájú wọn.

Franklin pàápàá fi ìpolówó ẹrú sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, ó sì ní ẹrú nílé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó yí padà. Ní 1763 ó lọ wo ilé-ìwé kan tí wọ́n ṣí fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Philadelphia, ó rí wọn bí wọ́n ṣe ń kàwé, ó sì kọ ọ́ pé òun ti wá ní èrò tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nípa làákàyè wọn. Ní 1787 ó di olórí ẹgbẹ́ tó ń jà kí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú. Ní 1790, nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin wọn lórí rẹ̀. Ó ti ń ronú láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò tó. Ó ní láti wọ inú kíláàsì kó lọ wo àwọn ọmọ yẹn lójú.

Bí mo ṣe wá ń ṣe é nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù. Bí iṣẹ́ kan bá ń kọ mí lóminú, n kò ní gba kọ́bọ̀ kí n tó ro ó, nítorí tí owó bá ti wọ àpò, lọ́yà mi ti gbaṣẹ́. Mo máa ń sọ èrò mi síta fún Ááfáà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì bá mi jà sí i. Bí ojú bá ń tì mí láti sọ apá kan rẹ̀ jáde, apá yẹn ni irọ́ wà. Mo tún gbìyànjú ìwé kékeré tí Franklin lò, tó kọ ìwà rere mẹ́tàlá sí, tó ń fi àmì dúdú sí ibi tó bá ti kùnà lójoojúmọ́. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ètò, kí gbogbo nǹkan wà láyè rẹ̀, ló fún òun ní wàhálà jù. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀wé ni. Mo pa ìwé yẹn tì.

Ìyàwó mi ń mú àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì dí i lọ́wọ́. Wọ́n ń kọ́ orin, wọ́n ń mọ èèyàn, wọ́n ń kọ́ láti gbé oúnjẹ fún ẹni tí kò ní. Tí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́ Sunday, mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún wọn: kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó gbàgbé ṣéńjì ẹ lọ́wọ́, kí ló yẹ kó o ṣe? Ẹni tó ń ṣọ́ ilé tó rí ọmọ ọ̀gá rẹ̀ tó ń jalè ńkọ́? N kì í sọ ìdáhùn fún wọn. Àkọ́bí mi ti wá gbọ́n débi pé ó ń gbé tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ó ní, "Daddy, ẹ ní ẹ ò lè tẹ irọ́ sára ìgò oògùn. Pósítà olóṣèlú tí ẹ tẹ̀ nígbà ìdìbò tó kọjá ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé kò ní ṣe ohun tó wà níbẹ̀."

Mo ní ìdáhùn. Ní 1731 Franklin kọ̀wé gbèjà àwa òǹtẹ̀wé, ó ní bí èrò àwọn èèyàn bá yàtọ̀, ó yẹ kí ará ìlú gbọ́ tẹnu apá méjèèjì. Ó sì fi kún un pé òun kì í tẹ ohun tó ń gbé ìwà ìbàjẹ́ lárugẹ, bí owó rẹ̀ ti wù kó pọ̀ tó. Mo sọ fún ọmọ náà pé gbogbo èèyàn mọ̀ pé olóṣèlú ló ń sọ̀rọ̀ lórí pósítà, ojú àti orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó kà á lè sọ pé irọ́ ni. Lébẹ́ẹ̀lì oògùn kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó kà á kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó ronú sí i díẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí kò mọ̀wé, tí wọ́n kàn ń kà á sí létí, ṣé òun náà mọ̀?" Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti inú kíṣìnì. A kò tíì parí rẹ̀, ìdìbò sì ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti pè mí láàárọ̀ yìí pé èló ni a ń tẹ ẹgbẹ̀rún márùn-ún.